Téèpù Òru ní Ìlúpéjú: Kíkọ Àṣẹ tí Kọ̀ǹpútà Fi Ń Dá Tọ́jú Ẹ̀dà Fáìlì

Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ àṣẹ tar dúró fún téèpù. Ọdún 1979 ni àṣẹ náà jáde pẹ̀lú ẹ̀dà keje Unix láti ilé ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà. Cron, tí ń pe iṣẹ́ sójú ọ̀nà lásìkò tí wọ́n bá dá fún un, wà nínú ẹ̀dà keje yẹn pẹ̀lú. Láti ìgbà náà ni tar, ẹni tí ń di ẹrù fáìlì, àti cron, ẹni tí ń jí i lóru, ti ń gbé inú ilé kan. Linux, FreeBSD àti àwọn yòókù tó jọ Unix jogún àwọn méjèèjì, wọ́n sì ń lò wọ́n títí dòní. Ṣùgbọ́n cron kò mọ̀ pé wọ́n ti mú iná lọ ní Ìlúpéjú, bẹ́ẹ̀ ni tar kò mọ̀ pé téèpù àná, tí kò sẹ́ni tó rántí pààrọ̀, ló ṣì wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Ìwé àṣẹ, èyí tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní script, ni wọ́n fi ń kọ́ wọn ní irú nǹkan wọ̀nyí, òun sì ni ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé.

Ìlúpéjú wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Mushin ní Èkó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà Ìkòròdú, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àdúgbò ilé iṣẹ́ tó na dé Ìkẹjà, Ọ̀gbà àti Agége. Ilé ìtẹ̀wé Academy Press tó bẹ̀rẹ̀ ní 1964 wà ní Industrial Avenue níbẹ̀. Ṣómólú, tí gbogbo Èkó mọ̀ mọ àwọn atẹ̀wé, kò sì jìnnà sí i. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni àpẹẹrẹ tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu jù, nítorí oníbàárà atẹ̀wé máa ń padà wá. Ẹni tó tẹ ìwé ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn lè dé láàárọ̀ ọjọ́ kan pé òun fẹ́ ẹgbẹ̀rún kan sí i, kò sì ní fẹ́ gbọ́ pé fáìlì ti sọnù. Ojú ìwé, àwòrán, lébẹ́ẹ̀lì ìgò oògùn, kàlẹ́ńdà: fáìlì wọn tóbi, wọn kì í sáábà yí padà mọ́ lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti jáde, síbẹ̀ wọ́n gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni téèpù mọ̀ ọ́n rù.

Àgbẹ̀ tó wa iṣu kì í jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ń ya èèbù sọ́tọ̀, kì í sì í kó o sáàárín iṣu tí àwọn ará ilé ń mú sè. Ẹ̀dà ìpamọ́ ni èèbù dátà. Dísíìkì kejì tó wà nínú sáfà kan náà kò tíì kúrò láàárín iṣu sísè: ìkún omi tó bo sáfà yóò bò ó, ọ̀daràn tó wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ti fáìlì pa kó lè gba owó, yóò ti òun náà pa. Téèpù tó ti jáde kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, tó wà nínú dúrọ́ọ̀, kò sí okùn tó so ó mọ́ ẹnikẹ́ni. Ní oṣù Kejì ọdún 2011, àṣìṣe nínú ètò kan pa lẹ́tà Gmail àwọn kan rẹ́, nǹkan bí ìdá 0.02 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń lò ó. Google ní ẹ̀dà ní ibi púpọ̀, àṣìṣe náà sì dé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Orí téèpù ni wọ́n ti rí lẹ́tà wọ̀nyẹn kó padà.

Àwọn kan á ní kí wọ́n kúkú máa fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí òkè òkun lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dára láti ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò tó. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, já ní sàkáání Abidjan, àwọn báńkì àti ilé iṣẹ́ ní Nàìjíríà sì rí i bí ohun tó wà lókè òkun ṣe lè di ohun tí ọwọ́ kò tó. Ìṣirò náà wà ńbẹ̀. Téèpù kan tó jẹ́ LTO ìran kẹjọ, tí wọ́n ń pè ní LTO-8, gba tẹ́rábáìtì 12. Bí ilé iṣẹ́ kan bá ní íntánẹ́ẹ̀tì tí ń gbé mẹ́gábíìtì 20 jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan láìdúró, yóò gbà á ju ọjọ́ 55 lọ láti fi ohun tó wà lórí téèpù yẹn ránṣẹ́. Ọkọ̀ tó gbé téèpù náà ní Ìlúpéjú yóò dé Ìbàdàn lọ́jọ́ kan náà, bó ti wù kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Bẹ́ẹ́jà pọ̀ tó.

Lórí Linux, orúkọ méjì ni ẹ̀rọ téèpù kan ń jẹ́: /dev/st0 àti /dev/nst0. FreeBSD ń pe tirẹ̀ ní /dev/sa0 àti /dev/nsa0. Bí àṣẹ bá kọ nǹkan sí st0, téèpù á ká padà sí ìbẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní kété tí iṣẹ́ bá parí. Bó bá kọ ọ́ sí nst0, téèpù á dúró síbi tó dé. Lẹ́tà kan ṣoṣo yìí ni ọ̀fìn tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ máa ń jìn sí. Ká ní ìwé àṣẹ kan kọ́kọ́ kó àkọsílẹ̀ owó sórí téèpù, tó sì kó àwòrán tẹ̀ lé e, tó fi st0 ṣe méjèèjì: orí àkọsílẹ̀ owó gan-an ni àwòrán yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó lé. Kọ̀ǹpútà kò ní ké, kò ní ráhùn, nítorí ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe. Nst0 ni kí ìwé àṣẹ máa lò látòkè délẹ̀, kí ó sì máa fi àṣẹ mt sọ ibi tí téèpù yóò lọ: mt -f /dev/nst0 rewind láti ká a padà, fsf láti fo ẹrù kan, eod láti dé òpin ohun tó ti wà lórí rẹ̀.

Kí ohunkóhun tó di kíkọ, ìwé àṣẹ ní láti mọ téèpù tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Mt status yóò sọ bóyá téèpù wà níbẹ̀, yóò sì kọ WR_PROT bí ẹnì kan bá ti ti bọ́tìnì kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n má lè kọ nǹkan sí i. Ìyẹn nìkan kò tó. Ẹrù àkọ́kọ́ tó yẹ kó wà lórí gbogbo téèpù ni fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́rìí orúkọ rẹ̀: téèpù ọjọ́ wo ni, ìgbà wo ni wọ́n lò ó kẹ́yìn, báwo ni ìdì tí wọ́n fi kọ ọ́ ṣe tóbi tó. Ìwé àṣẹ á ka orúkọ yìí, á fi wé èyí tó yẹ kó wà níbẹ̀ lónìí, bí wọn kò bá sì bára mu, á dúró, á pariwo. Òṣìṣẹ́ tó gbàgbé láti pààrọ̀ téèpù kò dẹ́ṣẹ̀ ńlá. Ìwé àṣẹ tó tẹ ẹ̀dà ọjọ́ Jímọ̀ rẹ́ nítorí ìgbàgbé yẹn ló dẹ́ṣẹ̀.

Dátábéèsì ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣètò. Ẹni tó ń da fáìlì dátábéèsì kọ nígbà tí àwọn akọ̀wé ṣì ń tẹ ìwé owó sínú rẹ̀ dà bí ẹni tó ń ka owó nígbà tí ẹlòmíràn ń yọ nínú rẹ̀: iye tó bá kà kì í ṣe iye àárọ̀, kì í sì í ṣe ti ìrọ̀lẹ́. Fún PostgreSQL, pg_dump ni kí ìwé àṣẹ kọ́kọ́ pè. Fún MySQL, mysqldump pẹ̀lú --single-transaction. Fáìlì tí wọ́n bá bí ni kí tar wá gbé.

Lẹ́yìn iṣẹ́, gbogbo àṣẹ Unix máa ń fi nọ́ńbà kan sílẹ̀ tó ń sọ bí iṣẹ́ ṣe lọ. Fún tar ti GNU, 0 ni pé ó parí láyọ̀. 1 ni pé fáìlì kan yí padà bó ti ń kà á lọ́wọ́. 2 ni pé nǹkan bàjẹ́ gidi. Ìwé àṣẹ tí kò ka nọ́ńbà yìí kò yàtọ̀ sí ẹni tó rán ọmọ níṣẹ́ tí kò béèrè bó ṣe jẹ́ ẹ. Ewu kan tún fara pamọ́ síbí. Bí wọ́n bá fi ọ̀pá àmì | so àṣẹ méjì pọ̀, nọ́ńbà àṣẹ ìkẹyìn nìkan ni bash máa ń gbé padà. Tar lè kùnà pátápátá, kí èyí tó tẹ̀ lé e sì ní gbogbo nǹkan dára. Ìlà kan ló ń wo àrùn yìí, set -o pipefail, òkè ìwé àṣẹ sì ni ipò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná ló gba àròjinlẹ̀ jù, nítorí àwọn ìwé tó kọ́ni ní iṣẹ́ yìí, ilẹ̀ tí iná kì í lọ ni wọ́n ti kọ púpọ̀ nínú wọn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí owó iná tó ga fún àwọn tó wà ní Band A, ìpele tí wọ́n ṣèlérí fún pé iná yóò wà fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́. Ìlérí tó dára jù nìyẹn, ó sì tún ṣí wákàtí mẹ́rin sílẹ̀. Ẹ̀rọ LTO-6 ń kọ mẹ́gábáìtì 160 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí téèpù rẹ̀, tó gba tẹ́rábáìtì 2.5, tó kún, yóò lò ju wákàtí mẹ́rin lọ. Kò sí bí iṣẹ́ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ kò ṣe ní bá àkókò tí iná lọ àti àkókò tí jẹnẹrétọ̀ ń jí pàdé lóru kan ṣáá.

Nítorí náà, ìwé àṣẹ tí wọ́n kọ fún Ìlúpéjú gbọ́dọ̀ béèrè nípa iná kó tó fọwọ́ kan téèpù. Sáfà àti ẹ̀rọ téèpù ní láti jọ wà lórí UPS kan náà, kí ètò NUT sì máa ṣọ́ UPS náà. Àṣẹ upsc yóò dáhùn pẹ̀lú OL bí iná bá ń wọlé, tàbí OB bó bá jẹ́ bátìrì ni wọ́n ń jẹ. Bí ìdáhùn bá jẹ́ OB, kí ìwé àṣẹ sùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tún béèrè; bí wákàtí méjì bá kọjá láìsí iná, kó jáwọ́, kó sì ròyìn. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kó dá fáìlì kékeré kan sílẹ̀ lórí dísíìkì gẹ́gẹ́ bí àmì. Kó pa á rẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá parí nìkan. Bí sáfà bá kú láàárín òru, àmì yẹn yóò ṣì wà níbẹ̀ nígbà tó bá jí, ìlà @reboot nínú cron á sì rí i, á ròyìn pé ẹ̀dà òru àná kò pé. Láìsí àmì yìí, téèpù tí iná gé lójijì ní ìdajì yóò jókòó sínú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú àwọn tó pé, ojú lásán kò sì lè dá wọn mọ̀.

Péjú ni ọ̀rọ̀ tó wà nínú orúkọ àdúgbò náà, ohun tí wọ́n sì ń fẹ́ lára ẹ̀dà nìyẹn gan-an: kí gbogbo fáìlì péjú.

Cron fúnra rẹ̀ rọrùn, ó sì ní ìwà tirẹ̀. Nọ́ńbà márùn-ún ló ń dúró níwájú àṣẹ kọ̀ọ̀kan: ìṣẹ́jú, wákàtí, ọjọ́ inú oṣù, oṣù, ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀. Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 30 1 * * 2-6 yóò pe iṣẹ́ ní aago kan ààbọ̀ òru láti ọjọ́ Tuesday dé Saturday, ìyẹn ni pé yóò kó iṣẹ́ Monday dé Friday. Ẹni tó bá kọ 1-5 níbẹ̀ ti kó òru Sunday tí kò sí iṣẹ́, ó sì ti fi iṣẹ́ Friday sílẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá kọ nọ́ńbà sí ọjọ́ inú oṣù àti ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀ pọ̀, cron á ṣiṣẹ́ nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá ti bá a mu, kì í dúró de méjèèjì. Bí àmì % bá wà nínú ìlà náà, á kà á sí òpin ìlà. Àwọn fódà tí cron ti ń wá àṣẹ kéré sí ti ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ìdí nìyẹn tí àṣẹ tó ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án fi lè kọ̀ lóru. Kí wọ́n kọ ọ̀nà àṣẹ kọ̀ọ̀kan tán pátápátá. Kí wọ́n sì fi flock ti ilẹ̀kùn, kí iṣẹ́ òru òní má bàa bá ti àná tí kò tíì parí nídìí ẹ̀rọ kan.

Ẹ̀rọ téèpù kò fẹ́ kí ẹrù falẹ̀. Bí dátà bá ń kán tótó bí omi ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, téèpù á dúró, á ká sẹ́yìn, á tún bẹ̀rẹ̀, àlọ-àbọ̀ yìí sì ń jẹ téèpù àti orí ẹ̀rọ. Àgbá omi ni ìwòsàn rẹ̀: kí wọ́n kọ́kọ́ kó gbogbo ẹrù jọ sórí dísíìkì tó yára, tàbí kí wọ́n fi ètò mbuffer sáàárín, kó máa gbára jọ kó tó dà á. Nọ́ńbà ńlá tó wà lára páálí téèpù tún gba ìṣọ́ra. Páálí LTO-8 lè kọ tẹ́rábáìtì 30 pẹ̀lú 12. Ọgbọ̀n yẹn dúró lórí pé dátà yóò ṣeé fún pọ̀ ní ìlọ́po 2.5, àwòrán JPEG atẹ̀wé sì ti di fífún pọ̀ kó tó débẹ̀. Méjìlá ni kí atẹ̀wé máa bá ara rẹ̀ ṣírò.

Òwúrọ̀ ni ìròyìn ń dé. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ìwé àṣẹ máa kọ lẹ́tà nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ nìkan, tí gbogbo ènìyàn á sì ka ìdákẹ́jẹ́ sí àlàáfíà. Ìdákẹ́jẹ́ lè jẹ́ pé cron ti kú. Kí lẹ́tà máa dé lójoojúmọ́, kó sọ orúkọ téèpù, iye fáìlì, iye gígábáìtì, àkókò ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ẹni tó ń kà á yóò tètè rí i bí gígábáìtì 800 bá di 12 lójijì. Ọjọ́ tí lẹ́tà kò bá dé ni kí wọ́n dìde. Níkẹyìn, mt offline yóò ta téèpù jáde kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, òṣìṣẹ́ tó kọ́kọ́ dé á bá a níbẹ̀, á gbé e, á fi ti òní sí i.

Téèpù ń yí bí owó èsúsú ṣe ń kan olúkúlùkù. Ètò tó ti pẹ́ jù ni ti baba-ńlá, baba àti ọmọ. Téèpù mẹ́rin jẹ́ ti Monday dé Thursday, wọ́n ń padà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mẹ́rin jẹ́ ti Friday. Friday tó kẹ́yìn oṣù ń gba téèpù oṣù, méjìlá lọ́dún. Ogún téèpù ni gbogbo rẹ̀. Òfin CAMA ti 2020 ní kí ilé iṣẹ́ tọ́jú ìwé ìṣirò owó fún ọdún 6, nítorí náà téèpù oṣù Kejìlá kì í padà sínú yíyí, wọ́n ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Àṣẹ tar ti GNU lè kó kìkì ohun tó yí padà pẹ̀lú --listed-incremental, èyí sì ń dín àkókò kù. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tí gbogbo ẹrù rẹ̀ gba orí téèpù kan yóò ṣe dáadáa bó bá ń kó gbogbo rẹ̀ lálaalẹ́. Ní ọjọ́ ìṣòro, téèpù kan ṣoṣo ni yóò wá. Kò ní máa to mẹ́rin léra, kí ọ̀kan tó bàjẹ́ láàárín wọn já okùn yòókù.

Ojú ọjọ́ Èkó kò bá téèpù ṣọ̀rẹ́. Fún ìpamọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́, LTO ń fẹ́ ooru tí kò ju ìwọ̀n 25 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì lọ àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ láàárín 20 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà òjò, ti Èkó ń kọjá 80. Kábíńẹ́ẹ̀tì onírin nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru dára ju sẹ́ẹ̀fù olówó ńlá nínú yàrá gbígbóná lọ. Ẹ̀dà oṣù ní láti kúrò nínú ọgbà ilé iṣẹ́ pátápátá. Téèpù tó ń rìn lójú ọ̀nà ní orúkọ àti nọ́ńbà àwọn oníbàárà nínú, òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 sì ti gbé ẹrù ìtọ́jú wọn lé ilé iṣẹ́ lórí, nítorí náà ó yẹ kí ó wà ní títì. Láti LTO-4 lọ sókè, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lè fi kọ́kọ́rọ́ AES oní-bíìtì 256 tì í. Kí kọ́kọ́rọ́ náà wà lọ́wọ́ ènìyàn méjì, kí ó má sì bá téèpù gbé ibì kan náà, nítorí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù ti sọ téèpù nù.

Dídá fáìlì padà ló ń fi ẹ̀rí hàn. Tar --compare lè fi ohun tó wà lórí téèpù wé ti dísíìkì lóru náà gan-an. Ìyẹn ń dán ẹ̀rọ wò. Kò dán ènìyàn wò. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ìwé àṣẹ mìíràn ṣa fáìlì mẹ́wàá láìròtẹ́lẹ̀, kó yọ wọ́n láti orí téèpù oṣù tó kọjá sínú fódà òfìfo, kó sì fi sha256sum wé iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kó wọn. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ẹnì kan tí kì í ṣe ẹni tó kọ ìwé àṣẹ gba kọ̀ǹpútà tí kò ní nǹkan kan nínú, téèpù kan, àti bébà tí ìlànà wà lórí rẹ̀, kó gbé ilé iṣẹ́ dìde láti ilẹ̀. Orí bébà ni kí ìlànà náà wà, nítorí sáfà tó kú kò lè ka ìlànà jíjí ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ tí wọ́n ti lò rí ní Computer Village, Ìkẹjà, kó kọ́kọ́ wo ìran rẹ̀. Títí dé LTO-7, ẹ̀rọ kan lè ka téèpù ìran méjì tó ṣáájú rẹ̀. LTO-8 àti LTO-9 ń ka ìran kan péré tó ṣáájú wọn, nítorí náà LTO-8 kò lè ka LTO-6 rárá. Téèpù àtijọ́ kò ṣeé kó sọ́dọ̀ ẹ̀rọ tuntun láìṣírò èyí. Kí wọ́n kó ohun tó wà lórí wọn lọ sórí tuntun nígbà tí ẹ̀rọ àtijọ́ ṣì ń mí. Téèpù LTO tuntun ní àmì ìtọ́nà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti tẹ̀ mọ́ ọn lára. Òòfà alágbára tó bá nù ún mọ́ yóò nu àmì náà pẹ̀lú, kò sì ní ṣeé kọ̀wé sí mọ́ láé. Fún téèpù tí àkókò rẹ̀ ti pé, ohun tí wọ́n ń fẹ́ nìyẹn: kí òòfà nù ún, kí ẹ̀rọ sì gé e wẹ́wẹ́, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ téèpù níwájú nọ́ńbà rẹ̀.